Ọlọ́dẹ Tí Kò Mọ̀ Pé Ilẹ̀ Ti Mọ́

Ọkùnrin náà fa àga rẹ̀ títí tó fi kọjú sí ilẹ̀kùn kó tó jókòó. Dókítà bi í pé kí ló ń ṣe é. Ó ní, "Ọdẹ orí ni, dókítà. Ọdẹ orí ò jẹ́ kí n sùn."

Èmi ni ògbufọ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì, nínú yàrá kékeré kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Òfin iṣẹ́ wa ni pé ohun tí èèyàn bá sọ gan-an la ó tú, a kò gbọdọ̀ bù kún un, a kò gbọdọ̀ yọ níbẹ̀. Mo tú u bẹ́ẹ̀: ọdẹ kan wà nínú orí rẹ̀, kò jẹ́ kó sùn. Dókítà gbé bírò, ó bèèrè pé ṣé ọdẹ náà máa ń bá a sọ̀rọ̀, ṣé ó máa ń pàṣẹ fún un. Ọkùnrin náà yíjú sí mi, ó fẹ́ mọ ohun tí mo sọ tí ìbéèrè òyìnbó fi rí báyìí.

Mo tọrọ ààyè láti ṣàlàyé. Bí n kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ohun tí ì bá wọ inú fáìlì rẹ̀ ni pé ó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, oògùn àìsàn mìíràn ni wọn ì bá sì fún un. (Mo ti yí àwọn nǹkan kan padà nínú ìtàn rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀.)

Ẹni tó bá dàgbà nílẹ̀ wa mọ ọdẹ orí. Nǹkan a máa rìn nínú orí bí ẹni pé èèrà wọ ibẹ̀, etí a máa hó, àyà a máa já, oorun a sì jìnnà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Roger Makanjuola kọ ìwádìí lé e lórí fún àwọn dókítà ọpọlọ ní 1987. Ìdààmú ọkàn àti ìbànújẹ́ tó ti wọra ló sábà máa ń wà nídìí rẹ̀. Kì í ṣe wèrè. Ara ni Yorùbá fi ń sọ ohun tó ń ṣe ọkàn: àyà mi ń já, inú mi bàjẹ́, orí mi gbóná, ara mi ò lélẹ̀. Ẹni tó bá ń retí kí ọmọ Yorùbá wá sọ fún dókítà pé "ọkàn mi ń ṣàìsàn" yóò pẹ́ kó tó gbọ́ ọ.

Wàhálà wa ni pé fún àìsàn ọkàn fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu wa kò pọ̀. Ẹni tó bá bọ́ aṣọ sọnù tó ń rìn lójú títì, wèrè ni. Ẹni tí kò bá tíì débẹ̀, "ó kàn ń ronú ni". Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì fẹ̀ gan-an. Inú àlàfo yẹn ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ti Líbíà bọ̀ wà, àti àwọn tó wà ní hòtẹ́ẹ̀lì tí ìjọba kó wọn sí ní Bírítéènì tí wọ́n ń retí páálí, ìyẹn ìwé ìgbélùú, àti àwọn tí Boko Haram lé kúrò nílé ní Borno. Nígbà tí ọmọ tó dé láti Líbíà bá ń pariwo lójú oorun, àwọn ará ilé rẹ̀ á máa bi ara wọn léèrè pé àbí wèrè ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wèrè dùn ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Nítorí òwe yẹn, wọn á fi í pamọ́ sí yàrá ẹ̀yìn, wọn á sọ fún àlejò pé ibà ló ń ṣe é.

Ọ̀nà tí mo fi ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn èèyàn wa nìyí. Àwọn àgbà tó pe àìsàn yẹn ní ọdẹ lè má ní ohun tí mo fẹ́ sọ lọ́kàn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wúlò fún mi. Ẹ rántí ọlọ́dẹ àdúgbò, bàbá tó ń fun fèrè láàárín òru kí olè lè mọ̀ pé ojú òun là. Olúkúlùkù wa ló ní irú rẹ̀ nínú orí. Bí ewu bá dé, á fun fèrè: ọkàn á máa sáré, ẹ̀jẹ̀ á rọ́ lọ sí apá àti ẹsẹ̀ kéèyàn lè jà tàbí kó sá, ebi á lọ, oorun á lọ. Bí ewu bá kọjá, á gbé fèrè sílẹ̀, ara á rọlẹ̀.

Ẹ wá ro ti ẹni tó lo oṣù márùn-ún ní Sabha, ìlú kan ní gúúsù Líbíà, nínú ilé tí wọ́n ń ti àwọn tó la aṣálẹ̀ kọjá mọ́, tí wọ́n ń pe ẹbí wọn lórí fóònù kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lù wọ́n, kí ilé lè gbọ́ igbe kí wọ́n sì fi owó ránṣẹ́. Níbẹ̀, bí ilẹ̀kùn bá ti dún, ìyà ló dé. Ọlọ́dẹ inú orí kọ́ ẹ̀kọ́ náà dáadáa: má sùn wọra, má fọkàn tán ẹnikẹ́ni, ilẹ̀kùn ni kó o máa wò. Ẹ̀kọ́ yẹn wà lára ohun tó jẹ́ kó yè. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé Ìlọrin tàbí Manchester, kò sẹ́ni tó sọ fún ọlọ́dẹ pé ilẹ̀ ti mọ́. Tàbí kẹ̀, wọ́n sọ fún un, àmọ́ kò gbà gbọ́, torí ó ń wo àyíká rẹ̀, ó sì ń rí i pé ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán lóòótọ́. Apá kejì yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fiyè sí jù. A ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa aṣálẹ̀ àti òkun. A kò sọ̀rọ̀ tó nípa ohun tó ń jẹ́ kí ọlọ́dẹ máa fun fèrè lẹ́yìn tí òkun ti kọjá.

Àwọn dókítà mọ ibi tí ọlọ́dẹ yìí jókòó sí nínú ọpọlọ. Ibi kékeré kan ni, ó rí bí èso álímọ́ńdì, amygdala ni wọ́n ń pè é. Ibòmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, hippocampus, tó ń bá wa to ìrántí: èyí ṣẹlẹ̀ lánàá, èyí ṣẹlẹ̀ ní Kánò. Bí ẹ̀rù bá pọ̀ jù, iṣẹ́ títò yẹn kì í já gaara. Ìrántí á wọlé láìní ọjọ́, láìní ibi. Ìdí nìyẹn tí òórùn dísẹ́ẹ̀lì fi lè bá obìnrin kan tó ń dúró de bọ́ọ̀sì ní Peckham, tí yóò sì gbé e padà sẹ́yìn ọkọ̀ Hilux tó kó wọn kúrò ní Agadez, ìlú kan ní Niger létí aṣálẹ̀. Ní tirẹ̀, kì í ṣe pé ó rántí Agadez. Agadez ló dé bá a níbi tó dúró sí. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. A sábà máa ń pa òwe yẹn nípa ẹni tí ẹ̀rù rẹ̀ ti pọ̀ jù. Èmi rí i bí àlàyé ìṣègùn.

Ní 1980, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ogun Vietnam, ni àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà fi orúkọ PTSD (àìsàn ọkàn tó máa ń tẹ̀ lé ìṣẹ̀lẹ̀ tó bani lẹ́rù gan-an) sínú ìwé tí wọ́n fi ń mọ àìsàn. Ohun tí wọ́n ń wò ni bí ohun tó ti kọjá bá ń padà wá lójú oorun tàbí lójú ọ̀sán gangan, bí èèyàn bá ń sá fún ohun gbogbo tó lè mú un rántí rẹ̀ (ọ̀nà kan, orin kan, èdè Lárúbáwá), àti bí ara kò bá rọlẹ̀ rárá: ariwo kékeré á mú un fò, inú á máa bí i sí ọmọ rẹ̀ láìnídìí. Ó gbọ́dọ̀ ju oṣù kan lọ kí wọ́n tó pè é bẹ́ẹ̀. Mo ń tẹnu mọ́ oṣù kan yìí nítorí pé ẹni tó dé lọ́sẹ̀ tó kọjá tí kò rí oorun sùn kò tíì ṣàìsàn. Bí ara ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ikú ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ara wọn ń balẹ̀ bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́. Ní 2019, ìṣirò tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe fi hàn pé níbi tí ogun ti jà láàárín ọdún mẹ́wàá, nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ló ní àìsàn ọkàn kan tàbí òmíràn. Ìyẹn pọ̀ gan-an, ó sì ń béèrè ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n ó tún túmọ̀ sí pé ẹni mẹ́rin nínú márùn-ún kò ní in. Nítorí náà, kí á má wo gbogbo ẹni tó ti òkun bọ̀ bí aláìsàn. Kì í sì í ṣe PTSD nìkan ló ń bẹ. Fún àwọn mìíràn, ìbànújẹ́ ni: kò sí ohun tó wù wọ́n, oúnjẹ kò dùn, wọ́n ń sùn láti àárọ̀ dé alẹ́, tàbí ọ̀fọ̀ ẹni tó kú sínú òkun tí kò ní sàréè tí èèyàn lè lọ dúró sí.

Ẹ jẹ́ kí n yà bà lórí orúkọ díẹ̀. Ogúnléndé: èdè wa sọ ọ́ kedere, ogun ló lé mi dé. Nínú òfin, Àdéhùn Geneva ti 1951 pe ogúnléndé ní ẹni tó sá nítorí pé ó ń bẹ̀rù inúnibíni lórí ẹ̀yà rẹ̀, ẹ̀sìn rẹ̀, orílẹ̀-èdè rẹ̀, ẹgbẹ́ tó wà tàbí èrò òṣèlú rẹ̀. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ṣe ní Addis Ababa ní 1969 fi ẹni tí ogun àti rúkèrúdò lé kúrò nílé kún un. Ẹni tó jáde lọ wá iṣẹ́ kò sí níbẹ̀. Ilé ẹjọ́ nílò ìyàtọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ara kò mọ̀ ọ́n. Ọmọkùnrin tó kúrò ní Ṣàgámù nítorí àìríṣẹ́ àti ọmọ Eritrea tó sá fún iṣẹ́ ológun tí kò lópin lè wà nínú yàrá kan náà ní Sabha, kí okùn wáyà kan náà sì bà wọ́n. Mo ti gbọ́ ọ léraléra lẹ́nu àwọn èèyàn wa: "Ta ló rán an níṣẹ́?" Ìbéèrè yẹn ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu mọ́. Ẹni tó bá ti gbà pé òun ló fọwọ́ ara òun fà á kì í wá ìtọ́jú.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sórí ohun tí mo ní a kò sọ tó: ìdúró.

Ní 2004, àwọn olùwádìí ní Netherlands gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ Iraq tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ààbò níbẹ̀. Wọ́n fi àwọn tí kò tíì lo oṣù mẹ́fà wé àwọn tó ti ń dúró fún ohun tó ju ọdún méjì lọ. Nínú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, 42 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àìsàn ọkàn. Nínú àwọn tó ti pẹ́, 66 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Orílẹ̀-èdè kan náà ni gbogbo wọn ti wá. Ẹni tó bá rò pé àkókò nìkan ń wo ọgbẹ́ sàn, kó wo iye méjèèjì yẹn dáadáa. Àkókò tó ń kọjá nínú àìdánilójú ń dá kún ọgbẹ́ náà ni.

Ní Bírítéènì, ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ààbò kò lè tọrọ àyè láti ṣiṣẹ́ títí ọdún kan yóò fi pé, lẹ́yìn náà sì ni ìwọ̀nba iṣẹ́ tí òfin là sílẹ̀. Owó tí wọ́n ń fún ẹni tó ń dá oúnjẹ se ní 2024 jẹ́ £49.18 lọ́sẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹni tó wà nílé á fi náírà ṣe ìṣirò rẹ̀, á sì rò pé ó tó. Kò tó wọ bọ́ọ̀sì, kò tó jẹun, ṣùgbọ́n kì í tilẹ̀ ṣe owó ló ń dun àwọn tí mo ń tẹ̀lé kiri jù. Ohun tó ń dùn wọ́n ni pé wọ́n jí, kò sí ibi tí wọ́n ń lọ. Wẹ́dà tó ti ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta lábẹ́ rẹ̀ ní Òṣogbo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo ògiri. Derrick Silove, dókítà ọpọlọ kan ní Ọsirélíà, kọ ọ́ pé ogun ń wó òpó márùn-ún tí ayé èèyàn dúró lé: ààbò, ìbátan, ìdájọ́ òdodo, ipò àti iṣẹ́ ẹni láwùjọ, àti ohun téèyàn gbà pé ayé òun wà fún. Oògùn kò lè gbé òpó kankan nínú wọn dúró padà. Ó lè jẹ́ kéèyàn sùn kó tó lè gbé e.

Lẹ́yìn náà ni fóònù á dún. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tó dé, ilé ti ń bèèrè. Wọ́n ta ilẹ̀ kó tó lọ, wọ́n yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, wọ́n sì ń rí ọmọ aládùúgbò lórí Facebook tó dúró níwájú mọ́tò. Wọn kò mọ̀ pé mọ́tò ọlọ́mọtò ni. Ó ń parọ́ fún wọn pé gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa. Irọ́ yẹn ń gba agbára. Alẹ́ ọjọ́ tí ilé bá pè ni ọ̀pọ̀ wọn kì í sùn. Mo bẹ ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé: ẹ pè é nígbà kan láìmẹ́nu ba owó. Ẹ bi í pé kí ló jẹ lánàá. Ẹ sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ń dáná ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ báyìí.

Ohun kan wà tó ń rú àwọn èèyàn lójú jù, tó sì ń ba ẹjọ́ jẹ́: ìdí tí ìtàn wọn kì í fi dọ́gba. Mo ti jókòó níbi tí wọ́n ti bi obìnrin kan pé ọjọ́ wo ni wọ́n ya wọ ilé wọn. Ó ní Ọjọ́bọ̀. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, wọ́n tún bi í, ó ní Sátidé. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìtàn rẹ̀ tako ara rẹ̀. Ohun tí obìnrin náà mọ̀ dájú ni pé ó ku ọ̀la kó jẹ́ ọjọ́ ọjà, ó ti di ẹrù. Kò fi Ọjọ́bọ̀ tàbí Sátidé ka ọjọ́ rí lábúlé rẹ̀. Òyìnbó ló fẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó sì wá ọ̀kan fún un.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjà nìkan. Ní 2002, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn Bírítéènì, BMJ, gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn ogúnléndé láti Kosovo àti Bosnia. Wọ́n ti gba ìwé ìgbélùú wọn, wọn kò ní ìdí kankan láti parọ́. Wọ́n bi wọ́n lẹ́ẹ̀mejì nípa ohun kan náà. Ìtàn wọn yàtọ̀ síra láàárín ìgbà kìíní àti ìkejì. Láàárín àwọn tí PTSD wọ̀ lára jù, bí ìgbà méjèèjì bá ṣe jìnnà síra tó ni ìyàtọ̀ náà ṣe ń pọ̀ sí i, ní pàtàkì lórí àwọn ohun kéékèèké tó yí ìṣẹ̀lẹ̀ náà ká. Ìrántí tí kò ní ọjọ́ tí mo sọ lókè ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ yẹn. Irú ohun kéékèèké bẹ́ẹ̀ gan-an sì ni wọ́n ń bèèrè nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò: aṣọ wọn ńkọ́, ẹni mélòó, aago mélòó.

Nígbàkigbà tí mo bá ń tẹ̀lé ẹnì kan lọ sí irú ibẹ̀, Àjàyí ọmọ Òṣoògùn, tí gbogbo wa wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, ni mo máa ń rántí. Ogun kó o lẹ́rú ní 1821, nígbà tó ṣì wà lọ́mọdékùnrin, wọ́n sì tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́. Nínú lẹ́tà tó kọ ní 1837, ó jẹ́wọ́ pé nígbà tí ẹ̀rù bà òun pé wọ́n fẹ́ tà òun lọ sí ilẹ̀ Pópò, ní ọ̀pọ̀ òru ni òun gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara òun. Ọkọ̀ ogun Bírítéènì gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní 1822, wọ́n sì gbé e dé Sàró. Ó ti di òmìnira. Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tó dé ìlú Bathurst níbẹ̀, wọ́n ránṣẹ́ pe òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n wá jẹ́rìí ní Freetown lòdì sí Potogí tó rà wọ́n. Àwọn kan ti sọ ọ́ sí wọn létí pé ńṣe ni wọ́n fẹ́ dá wọn padà fún un. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní àwọn ò ní fẹsẹ̀ àwọn lọ. Pàṣán ni wọ́n fi lé wọn lọ.

Mo máa ń ro ọ̀rọ̀ yẹn gan-an. Àwọn tó fi pàṣán lé e lọ kì í ṣe ọ̀tá rẹ̀. Wọ́n fẹ́ kó sọ òtítọ́ kí wọ́n lè dá ẹni tó rà á lẹ́bi. Òfin ti sọ pé ó ti bọ́, ṣùgbọ́n ọlọ́dẹ inú orí rẹ̀ kò tíì gbọ́. Ẹni tó dákẹ́ níwájú òṣìṣẹ́ ìjọba ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Róòmù lónìí, tó ń wo ilẹ̀, tó ń fi "n ò mọ̀" dáhùn, ó lè jẹ́ pé ohun tó ń bà á lẹ́rù náà nìyẹn: pé ẹnu òun ni wọ́n máa fi dá òun padà.

Àwọn tí wọ́n dá padà, tàbí tí wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn padà, ńkọ́? Ní oṣù Kọkànlá 2017, CNN gbé fídíò kan jáde níbi tí wọ́n ti ń ta àwọn ọmọ Áfíríkà bí ẹrú ní Líbíà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọkọ̀ òfuurufú tó ń kó àwọn ọmọ Nàìjíríà láti ibẹ̀ wá sí Èkó pọ̀ sí i, lábẹ́ ètò Àjọ Àgbáyé fún Ìṣíkiri (IOM) àti ìjọba. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Ẹdó, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Ògùn, Ọ̀yọ́, Oǹdó àti Èkó náà wà níbẹ̀. Nílé, ọlọ́dẹ ì bá sinmi. Ṣùgbọ́n gbèsè wà nílé. Ẹni tó yá a lówó wà nílé. Ojú wà nílé. A sì ti kọ́ ọmọ wa láti kékeré pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Mo nífẹ̀ẹ́ òwe wa, iṣẹ́ mi ni, ṣùgbọ́n n kò ní í pa èyí mọ́ létí ẹni tó ti Líbíà bọ̀. Mo ti rí ẹni tó gbà á gbọ́. Kò sí ẹ̀sín nínú kí ọmọ padà wálé láàyè.

Kí ló wá ń sọ fún ọlọ́dẹ pé ilẹ̀ ti mọ́? Èyí àkọ́kọ́ ni pé kó mọ́ lóòótọ́: ibi tí ilẹ̀kùn ti ṣe é tì látinú, ìwé tí kò ní jẹ́ kí wọ́n lé e, iṣẹ́, ẹnì kan tó mọ orúkọ rẹ̀. Èyí kejì ni ẹni tó mú ìròyìn náà wá. Ní oṣù Kẹta 2018, Ọba Ìbíní, Ewuare Kejì, fagi lé gbogbo ìbúra tí àwọn tó ń kó obìnrin lọ sí Yúróòpù ti mú wọn ṣe nídìí òrìṣà. Dókítà ní Ítálì lè fi ọdún mẹ́wàá sọ fún obìnrin kan pé ìbúra yẹn kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Kò mọ dókítà rí, kí ni yóò fi gbà á gbọ́? Ọba ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè dé ibi tí ẹ̀rù náà wà.

Ìtọ́jú tún wà tí wọ́n ti dán wò dáadáa. Ní àgọ́ Nakivale ní Uganda, wọ́n kọ́ àwọn ogúnléndé fúnra wọn, tí wọn kì í ṣe dókítà, fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àwọn wọ̀nyí sì tọ́jú àwọn ará Rwanda àti Somalia tó ní PTSD. Ìwádìí tó jáde ní 2008 fi hàn pé ara ọ̀pọ̀ wọn yá. Wọ́n ń na okùn kan sílẹ̀ nínú ìtọ́jú yìí, okùn náà ni ìgbésí ayé aláìsàn láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Òdòdó ni wọ́n fi ń sàmì sí ohun rere, òkúta ni wọ́n fi ń sàmì sí ohun búburú, lẹ́yìn náà wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, lọ́pọ̀ ìjókòó. Ìrántí tí kò ní ọjọ́ á rí àyè tirẹ̀ lórí okùn: ibí yìí ló ti ṣẹlẹ̀, ìsinsìnyí kọ́. Àwa tí bàbá wa ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ nípa àrokò kò yẹ kó ṣòro fún láti lóye rẹ̀.

Ẹ má fi èyí wé pé kẹ́ ẹ jókòó ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kẹ́ ẹ ní kó sọ gbogbo rẹ̀ jáde lálẹ́ ọjọ́ kan. Ìyẹn kì í wo ọgbẹ́, ó lè ṣí i ni. Nígbà tí Crowther àti ìyá rẹ̀ ríra ní Abẹ́òkúta ní 1846, lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, wọ́n di ara wọn mú, omijé ń dà, wọn kò rí ọ̀rọ̀ púpọ̀ sọ. Ìjókòó bẹ́ẹ̀ tó fún ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ fún un lóúnjẹ, ẹ jẹ́ kó sùn síbi tó wù ú, ẹ má fọwọ́ kàn án lójijì láti ẹ̀yìn.

Abẹ́òkúta yẹn náà, ìlú ogúnléndé ni. Abẹ́ Olúmọ ni àwọn Ẹ̀gbá tí ogun tú ká sá sí ní nǹkan bí 1830. Níbẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ ètò Àrò ní 1954: àwọn aláìsàn ń gbé pẹ̀lú ẹbí wọn nínú ilé àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, wọ́n ń gba ìtọ́jú lójú mọmọ, wọ́n sì ń padà sílé. Ó gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ láyè láti bá a ṣiṣẹ́. Ó mọ̀ pé kò sí bí wọ́n ṣe lè ti èèyàn mọ́lé kí ẹ̀rù sì kúrò lára rẹ̀.

Ibí ni mo ti ní ọ̀rọ̀ bá àwọn ilé àdúrà àti ilé ìwòsàn ìbílẹ̀. Àdúrà dára, mo ti rí i tó gbé èèyàn ró. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá so ẹni tí wọ́n ti so ní Sabha mọ́lẹ̀, tẹ́ ẹ nà án kí ẹ̀mí búburú lè jáde, tẹ́ ẹ fi ebi pa á lórúkọ ààwẹ̀, Sabha lẹ tún gbé e lọ. Ní oṣù Kìíní 2023 ni Nàìjíríà fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun tó rọ́pò òfin wèrè ti 1958. Ẹ̀tọ́ aláìsàn láti má ṣe jẹ ìyà wà nínú rẹ̀.

Tí ẹnì kan bá ń sọ pé òun kò fẹ́ wà láàyè mọ́, ẹ má fi sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ má dúró de ọjọ́ ìsinmi. Ilé ìwòsàn Àrò wà, ti Yábàá wà ní Èkó, UCH wà ní Ìbàdàn. Ẹni tó wà ní England lè pe 111 kó sì tẹ 2, tàbí kó pe Samaritans, àwọn tó ń tẹ́tí sí ẹni tí ayé sú, lórí 116 123, tọ̀sán-tòru, láìsanwó. Ẹ lè ní ẹ fẹ́ ògbufọ̀ Yorùbá. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kékeré máa tú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún òbí rẹ̀.

Ọkùnrin tó ní ọdẹ orí gba páálí rẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan àtààbọ̀. Mo rò pé ọjọ́ yẹn ni yóò sùn. Kò sùn. Fún oṣù mélòó kan ó ṣì ń fa àga rẹ̀ kọjú sí ilẹ̀kùn nígbàkigbà tá a bá jókòó. Ó rí iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń to ẹrù, ó rí ṣọ́ọ̀ṣì kan tó ń kọrin níbẹ̀, ó sọ òtítọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù nípa gbèsè náà. Nígbà tá a ríra kẹ́yìn, ó ń ṣàlàyé fún dókítà bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀ ìlá alásèpọ̀, mo ń tú u. Àárín ìyẹn ni mo ṣàkíyèsí pé ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí ilẹ̀kùn. Ẹnì kan wọlé wá mú fáìlì, ilẹ̀kùn dún. Ó ń sọ̀rọ̀ ìlá lọ.